Kí A Tó Fi Ọpọlọ Tuntun Sí Ẹ́ńjìnnì Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni a gbé dé lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn awakọ̀ nìkan. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ń bọ́ ilé rẹ̀, tí ó sì fẹ́ tún un ṣe ní ọ̀nà ìgbàlódé, ọ̀rọ̀ náà kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, mo dúró ní ibùdókọ̀ ní Kétu. Mo fẹ́ lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkọ̀ tí ó kàn láti gbé èrò ni Peugeot 504 kan, èyí tí ó ní ìlà ìjókòó mẹ́ta, tí a mọ̀ sí familiale. Bàbá tí ó ni ín yí kọ́kọ́rọ́. Ẹ́ńjìnnì kò dáhùn. Ó fa ṣókì, ó tún yí i. Ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó tú èéfín dúdú, ó sì kú. Nígbà tí ó fi máa jí, mẹ́ta nínú àwọn èrò ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ti wọ ọkọ̀ mìíràn. Bàbá mi orí, ó ní: "Òun náà ti dàgbà bí èmi. Bí ọyẹ́ bá ti mú, kì í fẹ́ dìde."

Ní ọyẹ́ ọdún tí ó tẹ̀ lé e, mo tún bá ọkọ̀ kan náà ní ibùdókọ̀ kan náà. Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ́ńjìnnì dáhùn, ó sì ń dún déédéé. Kò sí èéfín dúdú. Ẹnu yà mí. Mo bi í pé: "Bàbá, ṣé ẹ ti ra ẹ́ńjìnnì tuntun ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Rárá o, ọmọ mi. Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ náà ni. Ẹni tí ń wọn epo fún un ni a pààrọ̀." Lẹ́yìn náà ni ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni a ṣe é. Èkíní jẹ owó àjọ ọdún kan tán, a kò sì rí èrè kankan níbẹ̀."

Mo tọ Bàbá yìí lọ, àti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àti ọ̀gá mẹkáníìkì tí ó tún iṣẹ́ náà ṣe. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́nu wọn ni mo kọ sílẹ̀ níhìn-ín, kí owó ẹlòmíràn má baà ṣòfò bí ti wọn.

Ọkọ̀ tí kò tètè kú

Ilé iṣẹ́ Peugeot ní ilẹ̀ Faransé gbé ọkọ̀ 504 jáde ní ọdún 1968. Ní ọdún 1969, wọ́n yàn án ní Ọkọ̀ Ọdún ní Yúróòpù. Ní ọdún 1975, ilé iṣẹ́ tí ń to ọkọ̀ Peugeot ṣí ilẹ̀kùn ní Kaduna, ní Nàìjíríà, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti to ọ̀pọ̀lọpọ̀ 504. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ yìí ṣe di ojúlùmọ̀ lójú ọ̀nà wa, láti Kétu dé Pobẹ̀, láti Sakété dé Àjàṣẹ́.

Ohun tí ó mú kí ó pẹ́ láyé kò fara sin. Ọkọ̀ náà ga, ó sì lágbára lójú ọ̀nà tí kò dán. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní ihò mẹ́rin tí písítíìnì ń lọ sókè sódò nínú wọn. Ihò kọ̀ọ̀kan ní páípù irin tirẹ̀ tí a lè yọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì wa ń pè ní ṣẹmíìsì. Bí ihò kan bá jẹ, a kò ní láti ju gbogbo ẹ́ńjìnnì nù. A óò yọ ṣẹmíìsì àtijọ́, a óò sì fi tuntun sí i.

Àwọn 504 kan wà tí gásóòlù ni wọ́n ń lò. Ọ̀rọ̀ wa lónìí kò kan ìwọ̀nyẹn. Àwọn tí ń lo ẹsáǹsì ni a ń sọ, tí ẹ̀rọ kékeré kan tí à ń pè ní kábúrétọ̀ ń po epo pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ fún.

Iṣẹ́ tí kábúrétọ̀ ń ṣe

Ẹ́ńjìnnì kì í jó epo nìkan. Epo àti afẹ́fẹ́ ni ó ń jó pọ̀. Fún kílò 1 ẹsáǹsì, afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí ó bá a jó jẹ́ kílò 14,7. Afẹ́fẹ́ fúyẹ́, nítorí náà ó gba àyè púpọ̀. Láti jó lítà 1 ẹsáǹsì tán pátápátá, ẹ́ńjìnnì ní láti fa afẹ́fẹ́ tí ó tó nǹkan bí lítà 9 000. Ìyẹn ni afẹ́fẹ́ inú àgbá 45, tí àgbá kọ̀ọ̀kan gba lítà 200.

Ẹ ronú sí ẹni tí ń ro ọkà. Bí omi bá pọ̀ jù, ọkà a rọ̀ jù. Bí èlùbọ́ bá pọ̀ jù, ọkà a le. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ́ńjìnnì rí. Bí epo bá pọ̀ jù, èéfín dúdú ni yóò máa tú. Epo tí kò jó yóò fọ òróró kúrò lára ihò, irin yóò sì máa ha irin. Bí epo bá kéré jù, ẹ́ńjìnnì yóò gbóná ju bí ó ti yẹ lọ, fáfù rẹ̀ sì lè jóná. Ẹnu púlọ́ọ̀gì a máa sọ òtítọ́ fún wa. Bí ó bá dúdú bí èédú, epo pọ̀ jù. Bí ó bá funfun, epo kò tó. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìwọ̀n rẹ̀ dára.

Báwo wá ni kábúrétọ̀ ṣe ń mọ ìwọ̀n? Ó ní ọ̀nà tóóró kan bí ọ̀fun. Bí afẹ́fẹ́ bá dé ibi tóóró yìí, ó ní láti yára kọjá. Bí ó ti ń yára, ó ń fa epo jáde láti ojú ihò wẹ́wẹ́ kan. Afẹ́fẹ́ púpọ̀ a fa epo púpọ̀, afẹ́fẹ́ díẹ̀ a fa epo díẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni èyí. Kò gba iná mànàmáná, kò sì gba kọ̀ǹpútà. Bí ìdọ̀tí bá dí i, mẹkáníìkì lè tú u lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó fẹ́ ẹ, kí ó sì dá a padà.

Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò mọ̀ bóyá òtútù mú tàbí ooru mú. Nítorí náà ni awakọ̀ ṣe ń fa ṣókì ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Bákan náà, bí ó bá ti gbó, irin inú rẹ̀ a jẹ, afẹ́fẹ́ a sì máa gba ibi tí kò yẹ wọlé. Láti ìgbà náà lọ, ìwọ̀n rẹ̀ kò dúró lójú kan mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí kábúrétọ̀ Bàbá nìyẹn.

Iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe

Kíkúrò lórí kábúrétọ̀ kì í ṣe ohun àná. Ní ọdún 1968 gan-an, oríṣi 504 kan wà tí kò ní kábúrétọ̀. Ẹ̀rọ onírin kan, iṣẹ́ ilé iṣẹ́ Kugelfischer ti ilẹ̀ Jámánì, ni ó ń tú epo fún un, láìsí kọ̀ǹpútà kankan. Ní ọdún 1967, ilé iṣẹ́ Bosch ti fi ẹ̀rọ ìtú-epo tí iná mànàmáná ń darí sára ọkọ̀ Volkswagen 1600. Nígbà tí òfin Yúróòpù lórí èéfín ọkọ̀ le sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kábúrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ lára ọkọ̀ tuntun. Ní ọdún 2001, àwọn ọmọ Amẹ́ríkà méjì, Bruce Bowling àti Al Grippo, gbé kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì kan jáde tí wọ́n pè ní MegaSquirt. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, kí ó sì fi í sára ọkọ̀ tí ó ti gbó. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ yìí ti kúrò lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ ńlá nìkan.

Àwọn mẹkáníìkì ń pe kọ̀ǹpútà yìí ní ọpọlọ ọkọ̀. Ọpọlọ náà ní àwọn amí, tí wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Amí kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Amí kìíní ń wo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí. A óò fi kẹ̀kẹ́ irin eléyín kan síwájú ẹ́ńjìnnì. Àyè eyín 36 ni ó wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti yọ eyín kan. Bí amí bá dé ibi àlàfo yẹn, ọpọlọ a mọ ibi tí písítíìnì wà.

Amí kejì ń wo ipá afẹ́fẹ́ nínú páípù tí ó wọ ẹ́ńjìnnì. Amí kẹta ń wo bí omi ẹ́ńjìnnì ti gbóná tó, ìkẹrin sì ń wo bí afẹ́fẹ́ ti gbóná tó. Amí karùn-ún ń wo bí awakọ̀ ti ṣí ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ tó, nígbà tí ó bá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ sáré.

Amí kẹfà wà nínú páípù èéfín. Orúkọ rẹ̀ ni lámúdà. Ó ń wo afẹ́fẹ́ tí ó ṣẹ́kù nínú èéfín, ó sì ń ròyìn fún ọpọlọ bóyá epo pọ̀ jù tàbí kò tó. Òjé inú epo a máa pa amí yìí. A dúpẹ́ pé láti ọdún 2006 ni àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà ti jáwọ́ nínú títa epo olójé.

Nígbà tí ọpọlọ bá ti gbọ́ ìròyìn gbogbo wọn, yóò wo tábìlì ìwọ̀n kan tí ó wà nínú rẹ̀. Tábìlì náà rí bí ìwé ìṣirò ọlọ́jà: ìyára ẹ́ńjìnnì wà lórí ìlà kan, ipá afẹ́fẹ́ wà lórí ìlà kejì. Níbi tí ìlà méjèèjì bá ti pàdé, iye epo wà níbẹ̀. Ọpọlọ yóò wá pàṣẹ fún àwọn ẹnu ìtú-epo mẹ́rin, tí a mọ̀ sí ínjẹ́kítọ̀, kí wọ́n ṣí. Wọn kì í ṣí ju ìdá díẹ̀ lọ nínú ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3 000 ní ìṣẹ́jú kan, ihò kọ̀ọ̀kan ń gba epo ní ìgbà 25 ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ ènìyàn kò lè bá a wọ̀n ọ́n.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ Bàbá fi ń jí ní òwúrọ̀ ọyẹ́ láìsí ṣókì. Amí ooru ti sọ fún ọpọlọ pé òtútù mú, ọpọlọ sì fi epo kún un. Bí ẹ́ńjìnnì ti ń gbóná, ó ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Bí owó àjọ ṣe ṣòfò

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà fagi lé owó ìrànwọ́ orí epo. Owó kpayo fò sókè lẹ́bàá ọ̀nà wa. Bàbá rí i pé èrè ọjọ́ kan kò ju owó epo lọ mọ́. Ọmọ rẹ̀ gbọ́ pé ẹ́ńjìnnì oníkọ̀ǹpútà kì í jẹ epo púpọ̀. Ó kó àjọ, ó lọ sí Kútọnu, ó ra ọpọlọ, póńpù àti ínjẹ́kítọ̀ tí wọ́n tú lára ọkọ̀ mìíràn. Mẹkáníìkì kan fi gbogbo rẹ̀ sí i ní ọjọ́ méjì. Ọkọ̀ náà jí. Gbogbo ilé yọ̀.

Ayọ̀ náà kò pẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Epo tí ó ń jẹ wá pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó kú lójú ọ̀nà Pobẹ̀ pẹ̀lú èrò nínú. Bàbá dá owó padà fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sọ fún mi pé ìtìjú ọjọ́ náà ju owó náà lọ. Ó fẹ́ ta ọkọ̀ náà fún àwọn tí ń ra irin àlòkù.

Ọmọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kí ó fún òun ní oṣù kan sí i. Ó wá ọ̀gá mẹkáníìkì mìíràn lọ. Ọ̀gá yìí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì fi aago ìwọ̀n wo bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀. Mẹ́ta nínú wọn fún un ní nǹkan bí bárì 10. Ìkẹrin kò ju 6 lọ.

Ó wá sọ fún Bàbá pé: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí kọ̀ǹpútà. Ó ń wọn epo fún ihò tí kò lè jó o mọ́."

Bàbá ní: "Ọ̀gá, kí ló dé tí epo tí ó ń jẹ fi wá pọ̀ sí i?"

"Amí èéfín ni, Bàbá. Ihò tí ó ń ṣàìsàn kò jó afẹ́fẹ́ rẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ náà sì bọ́ sínú páípù èéfín. Amí rí i, ó rò pé epo ni kò tó. Ó lọ sọ fún ọpọlọ, ọpọlọ bá ń fi epo kún un. Kò purọ́, ohun tí ó rí ni ó sọ. Àwa ni a kò wo ara ẹ́ńjìnnì kí a tó rán an níṣẹ́."

Ẹ̀yin òǹkàwé, ibí yìí ni kókó ọ̀rọ̀ wà. Kọ̀ǹpútà kì í wo ẹ́ńjìnnì sàn. Ó ń wọn epo fún ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ le. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣàìsàn, kọ̀ǹpútà a máa wọn àìsàn náà, a sì máa ná owó wa lé e lórí.

Epo ìdọ̀tí àti táńkì gbígbẹ

Nǹkan méjì mìíràn ni ọ̀gá rí. Àkọ́kọ́ ni ìdọ̀tí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń ra kpayo, èyí tí a ń kó wá láti Nàìjíríà láìgba ọ̀nà òfin, tí a ń tà nínú ìgò lẹ́bàá ọ̀nà. Omi lè wà nínú rẹ̀, yanrìn lè wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn a máa fi epo àtùpà lú u. Kábúrétọ̀ lè fara da díẹ̀ nínú èyí. Ínjẹ́kítọ̀ kò lè fara dà á, nítorí ihò rẹ̀ tín-ín-rín gan-an. Nígbà tí ọ̀gá tú táńkì 504 náà, ìpẹtà àti ẹrẹ̀ ni ó bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Méjì nínú ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rin ti dí.

Èkejì ni póńpù. Póńpù kábúrétọ̀ kì í ti epo pẹ̀lú ipá tí ó tó bárì 1. Póńpù iná mànàmáná ti ínjẹ́kítọ̀ ń tì í pẹ̀lú nǹkan bí bárì 3. Epo tí ó ń gba inú rẹ̀ kọjá náà ni ó ń tù ú lára, òun kan náà ni kì í jẹ́ kí irin inú rẹ̀ jẹ. Bí táńkì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, tí ọkọ̀ sì yà ní kọ̀rọ̀, epo a sún sí ẹ̀gbẹ́ kan, póńpù a fa afẹ́fẹ́, yóò sì gbóná títí yóò fi jó. Bàbá kì í ra ju lítà 5 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ ni ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó pa póńpù lójú ọ̀nà Pobẹ̀ nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì

Ìgbésẹ̀ wọn tẹ̀ lé ara wọn. Wọn kò bẹ̀rẹ̀ èkejì nígbà tí èkíní kò tíì parí.

Èkíní, wọ́n tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Wọ́n yọ ṣẹmíìsì àtijọ́, wọ́n fi ṣẹmíìsì àti písítíìnì tuntun sí i, wọ́n sì tún fáfù ṣe. Wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dọ́gba.

Èkejì, wọ́n fọ táńkì, wọ́n sì fi asẹ́ méjì sí ọ̀nà epo. Asẹ́ àkọ́kọ́ ń mú ìdọ̀tí ńlá kí ó tó dé póńpù. Asẹ́ kejì ń mú eruku tí ojú kò lè rí kí ó tó dé ínjẹ́kítọ̀. Wọ́n tún fi àgolò irin kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ táńkì, kí epo lè wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo fún póńpù láti fà, bí ọkọ̀ tilẹ̀ yà.

Ẹ̀kẹta, wọ́n pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo. Rọ́bà tí ó bá kábúrétọ̀ mu kò lè gba bárì 3. Bí ó bá bẹ́, epo yóò fọ́n sórí irin gbígbóná, iná yóò sì ràn. Wọ́n ra rọ́bà tí a ṣe fún ínjẹ́kítọ̀. Wọ́n fi páípù kejì sí i, kí epo tí ó bá ṣẹ́kù lè padà sí táńkì. Wọ́n sì so póńpù mọ́ ọpọlọ lọ́nà tí ó jẹ́ pé bí ẹ́ńjìnnì bá dúró, bí àpẹẹrẹ nínú ìjàǹbá, ọpọlọ yóò pa póńpù lójú ẹsẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbà kí mẹkáníìkì kankan so póńpù yín ní tààrà mọ́ bátìrì.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n tún okùn iná ṣe. Okùn inú ọkọ̀ àtijọ́ ti gbó, ẹnu rẹ̀ sì ti pẹtà. Kọ̀ǹpútà tí iná rẹ̀ ń já kò lè ṣírò dáadáa. Wọ́n fi fíúsì sí ọ̀nà iná kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀karùn-ún, wọ́n wá fi àwọn amí, ìlẹ̀kùn afẹ́fẹ́ àti ínjẹ́kítọ̀ mẹ́rin tí wọ́n jẹ́ oríṣi kan náà sí i. Wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ tí ń pín iná fún púlọ́ọ̀gì. Ọ̀gá ní: "Bí mo bá yí ohun méjì padà lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì kọ̀, n kò ní mọ èwo nínú wọn ni ó ṣẹ̀."

Ẹ̀kẹfà ni títún tábìlì ìwọ̀n ṣe. Wọ́n so kọ̀ǹpútà alágbèéká mọ́ ọpọlọ ọkọ̀. Ọ̀gá ń wakọ̀, ọmọ Bàbá ń ka nọ́ńbà inú kọ̀ǹpútà sókè, Bàbá jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, Bàbá kígbe pé: "Ẹ dúró! Ó ń ta bí àgbàdo nínú agbada." Ọmọ náà wo nọ́ńbà. Lóòótọ́, epo kò tó níbi tí ẹrù ti wúwo. Ọ̀gá fi epo kún ojú àpótí yẹn nínú tábìlì, ó sì dá àkókò iná púlọ́ọ̀gì padà sẹ́yìn díẹ̀. Wọ́n tún gun òkè náà. Kò ta mọ́. Àwọn àgbà ní ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, òun ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Nọ́ńbà gbọ́n, etí tí ó ti gbọ́ ẹ́ńjìnnì kan fún ọgbọ̀n ọdún náà gbọ́n.

Ṣé gbogbo ènìyàn ni ó yẹ kí ó ṣe é?

Rárá. Ọ̀gá mẹkáníìkì náà kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Bí kábúrétọ̀ yín bá ṣeé tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ tún un ṣe. Kábúrétọ̀ tí ara rẹ̀ dá lè mú kí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa, owó rẹ̀ sì kéré púpọ̀. Bí kò bá sí mẹkáníìkì tí ó mọ kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì nítòsí yín, ẹ ní sùúrù. Bí ó bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, fífẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹnu kò ní ran yín lọ́wọ́. Bí ẹ kò bá sì lè rí epo tí ó mọ́, ẹ má ṣe dá a láṣà.

Ẹ má gbàgbé èéfín pẹ̀lú. Ìwọ̀n tí ó péye a máa dín èéfín olóró kù, ara àwọn tí ń gbé lẹ́bàá ọ̀nà a sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kì í mú un tán. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kankan ṣiṣẹ́ nínú yàrá tí a tì, yálà ó ní kọ̀ǹpútà tàbí kò ní. Èéfín náà lè pa ènìyàn láìjẹ́ pé ó gbọ́ òórùn rẹ̀.

Bí ẹ bá sì ti ṣe é, ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín. Bàbá ní ìwé kékeré kan nínú ọkọ̀. Bí ó bá rọ epo kún táńkì, ó ń kọ nọ́ńbà kìlómítà sílẹ̀. Bí ó bá tún rọ ọ́ kún, ó ń kọ iye lítà tí ó wọlé àti kìlómítà tuntun. Ẹ jẹ́ kí a sọ pé ọkọ̀ kan rin kìlómítà 450, tí lítà 54 sì wọlé. A óò pín 54 sí ọ̀nà 450, a óò sì fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ ni 12: ọkọ̀ náà ń jẹ lítà 12 fún kìlómítà 100. Ẹni tí ó bá kọ èyí sílẹ̀ kí ó tó ṣe iṣẹ́ náà, tí ó sì kọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹni tí ó lè fi ẹnu dídùn tàn án jẹ.

Mo bi Bàbá léèrè ohun tí ìwé rẹ̀ sọ. Ó ní epo dín kù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò dín tó bí àwọn ọlọ́jà ti ṣèlérí fún ọmọ òun. Èrè tí ó dùn mọ́ ọn jù ni pé èrò kì í sọ̀ kalẹ̀ mọ́ ní òwúrọ̀ ọyẹ́. Ó ti ń dá owó àjọ padà díẹ̀díẹ̀. Kì í jẹ́ kí táńkì lọ sílẹ̀ ju ìdajì lọ mọ́, ilé epo ni ó sì ti ń ra epo nígbà tí agbára rẹ̀ bá gbé e.

Kí n tó kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀. Ó fi àpótí páálí kan hàn mí. Kábúrétọ̀ àtijọ́ ni ó wà nínú rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́, ó fi òróró pa á, ó sì fi aṣọ dì í. Mo bi í pé: "Bàbá, kí ni ẹ tún fẹ́ fi í ṣe?"

Ó ní: "Ó bọ́ mi fún ọgbọ̀n ọdún. Ta ni ó mọ̀ bóyá ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò tún bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́?"

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Kí ẹ tó ná owó àjọ yín lórí ọpọlọ tuntun, ẹ kọ́kọ́ bi mẹkáníìkì yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ọ̀gá, ṣé ẹ ti wọn ihò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin?" Bí kò bá tíì wọ̀n ọ́n, ẹ ní kí ó kọ́kọ́ lọ mú aago ìwọ̀n wá.